Òwú Funfun Lọ́rùn Ìgò Kọkànlélọ́gbọ̀n

Kì í ṣe pé Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ń wá wàhálà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Fíríjì ló fẹ́ tún tò. Ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń retí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kò sì sí àyè tí wọ́n máa gbé e sí. Ó gbé àpótí kan kúrò, ó ti ìkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ sì ba ìgò kékeré kan. Ó fà á jáde. Omi gíláàsì ló wà nínú rẹ̀, ó kún dé ọrùn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀: mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ó dúró, ó ń wò ó. Ilẹ̀kùn fíríjì ṣí sílẹ̀, kò rántí pa á dé. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́jọ tó yẹ kí ìgò yẹn ti ṣófo. Àyà rẹ̀ já.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó já a láyà, nítorí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yẹn lè ní kí ni ìgò omi kan fẹ́ ṣe. Káàdì ni wọ́n ń ṣe ní láàbù tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, káàdì pélébé tí kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ méjì lọ. Bí àyà bá ń dun ènìyàn, nọ́ọ̀sì á kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí i, á dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á sì tan iná aláwọ̀ ewé kan sí i. Bí ọkàn onítọ̀hún bá ti fara gbọgbẹ́, ilà kan á tàn pupa lórí káàdì. Bí ọkàn bá wà ní àlàáfíà, ilà yẹn á ṣókùnkùn. Aró kan ló ń tàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n agbára aró yẹn nìkan kò tó nǹkan. Bí ọgbẹ́ bá kéré, ojú kò ní rí i. Ohun tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ga ni egunrín wúrà, wúrà tí wọ́n sọ di kíkéré débi pé ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn, tí wọ́n bá tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò fẹ̀ ju irun orí kan lọ. Inú omi ni wọ́n ń gbé, omi náà á sì pupa fòò. Wọ́n á kó ìmọ́lẹ̀ jọ, wọ́n á dà á lé aró lórí, aró á wá tàn ní ìlọ́po ogún.

Ṣùgbọ́n wúrà ní ìwà tirẹ̀. Ó dà bí ọlọ́rọ̀ inú ẹbí: bí o bá jìnnà sí i, oore rẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ, bí o bá sún mọ́ ọn jù, á gbé ọ mì. Bí aró bá fara kan wúrà bẹ́ẹ̀ lásán, wúrà á gbé ìmọ́lẹ̀ aró jẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da omi gíláàsì sí i díẹ̀díẹ̀, kí gíláàsì tín-ín-rín lè bo egunrín kọ̀ọ̀kan kí aró tó dé. Aṣọ ni wọ́n ń pe gíláàsì yìí nínú láàbù. Ìgò kan ti wọṣọ, ìgò kan ṣì wà níhòòhò, báyìí ni wọ́n ń sọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti le ni pé ojú kò lè dá wọn mọ̀. Èyí tó wọṣọ pupa, èyí tó wà níhòòhò náà pupa.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ló bá wọn wá ọ̀nà àbáyọ. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló sì dàgbà sí. Aṣọ tí Bàbá bá rán tán, tó lọ̀ tán, tó yẹ̀ wò tán, á so òwú funfun kan mọ́ ihò bọ́tìnnì rẹ̀. Èyí tó bá ní òwú, olówó rẹ̀ lè gbé e lọ. Èyí tí kò ní, bí ọba ló ni ín, kò ní kúrò nílẹ̀. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ mú òwú wọ láàbù: ìgò tó bá ti wọṣọ, wọ́n á so òwú funfun mọ́ ọn lọ́rùn. Ọ̀gá kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ó kù kó gbé máṣíìnì ìránṣọ wá. Kò pẹ́ tí kò sí ẹni tó lè ṣiṣẹ́ láìwo òwú mọ́, Ọ̀gá pàápàá.

Òwú funfun sì wà lọ́rùn ìgò wúrà kọkànlélọ́gbọ̀n, èyí tó yẹ kí wọ́n ti da omi gíláàsì ọwọ́ rẹ̀ sí. Ó rí i níbi tó wà lórí pẹpẹ, tó dúró bí ọmọlúàbí.

Ó wá ń rántí ọ̀sán ọjọ́ tó so òwú náà bí ẹni tó ń fa ẹ̀gún yọ. Bàbá pè é. Bàbá ń sọ̀rọ̀ ọkọ ìyàwó kan tó sanra láàárín ìgbà tí wọ́n wọn aṣọ rẹ̀ àti ìgbà tó wá dán an wò, pé bóyá ìyàwó ti ń bọ́ ọ ṣáájú ọjọ́. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ọwọ́ rẹ̀ sì ń so òwú, nítorí pé láti kékeré ló ti ń bá Bàbá sọ̀rọ̀ tó ń so òwú. Omi gíláàsì ló kù kó dà sí i. Ó ní òun á dà á tí òun bá ti ẹnu ìpàdé dé. Ìpàdé pẹ́. Ẹlòmíràn gbé omi gíláàsì padà sínú fíríjì kó má baà bàjẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ wo òwú, ó gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ìgbà tí ọwọ́ bá ti mọ iṣẹ́ tán ni ojú máa ń sùn.

Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀. Ibi tó yẹ kó kọ iye omi gíláàsì tó dà sí i, òfìfo ni.

Nọ́ńbà ìgò ni wọ́n ń kọ sára káàdì tí wọ́n bá fi wúrà rẹ̀ ṣe. Nígbà tí wọ́n ń yẹ káàdì kọkànlélọ́gbọ̀n wò, ẹ̀jẹ̀ líle nìkan ló kù ní láàbù, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tí àmì ọgbẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Irú èyí, bí wúrà bá gbé ìdajì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ, ìyókù ṣì máa hàn. Ẹ̀jẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá káàdì lè rí ọgbẹ́ kékeré, ti tán, òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kò burú, wọ́n fi ogójì káàdì ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Ó kán ẹ̀jẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ náà sí káàdì kọkànlélọ́gbọ̀n kan, ó kán an sí káàdì kan láti ìgò ọgbọ̀n tó ti wọṣọ, ó gbé méjèèjì sínú àpótí dúdú. Nígbà tí àkókò pé, ó tan iná. Ilà pupa tàn lórí ọgbọ̀n bí ẹyin iná. Lórí mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ojú ibẹ̀ ṣókùnkùn, kò sí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ì bá mọ níbẹ̀, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lánàá, níbi tí Bàbá ti ń lọ ṣòkòtò, àyà fún un, apá òsì rẹ̀ wúwo, ó sì mú ara rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn yẹn. Wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí káàdì, káàdì ṣókùnkùn, wọ́n ní afẹ́fẹ́ inú ni, wọ́n fún un ní oògùn. Ó pe ọmọ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. "Káàdì rẹ ní ara mi le," ló wí. "Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọmọ mi ló ń rán aṣọ fún wúrà tó wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n yéé purọ́." Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó sì sun oorun àsùnwọra.

Ó pe Bàbá. Kò gbé e. Ó tún pè é, kò gbé e. Ìyá rẹ̀ ti rìnrìn àjò lọ kí àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò sí ẹlòmíràn nílé. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń gbọ́ bó ṣe ń dún, ó ń dún, kò sí ẹni tó gbé e.

Ọ̀gá wà nínú yàrá ìpàdé pẹ̀lú àwọn àlejò. Láti ara gíláàsì ilẹ̀kùn, ó rí i tó gbé káàdì kan sókè, tó ń fi hàn wọ́n, tí wọ́n ń mi orí. Ó na ọwọ́ láti kan ilẹ̀kùn, ọwọ́ náà dúró sínú afẹ́fẹ́. Ọdún márùn-ún ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìfọ́ ìgò kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. "Jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ Bàbá ná," ó wí fún ara rẹ̀. Mi ò ní bò ó fún un: Bàbá ló ń sá lọ bá, ṣùgbọ́n ó ń sá fún Ọ̀gá náà. Ó mú káàdì méjì láti ìgò ọgbọ̀n, ó mú iná aláwọ̀ ewé kékeré, ó kó wọn sínú báàgì, ó sì gba ẹ̀yìn jáde.

Nínú ọkọ̀, gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kan àyà ló ń wò. Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú rẹ̀ fi ọwọ́ sáyà, ó ń wá ìwé ọkọ̀ nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ó ń bẹ Ọlọ́run. Kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń bẹ̀ ẹ́ sí, ó kàn ń wí pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, títí ọkọ̀ fi dúró.

Láti ìkóríta ni wọ́n ti máa ń gbọ́ máṣíìnì Bàbá. Ó dé ìkóríta, kò gbọ́ nǹkan. Ó sáré. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kò tì, fáànù ń yí, kóòtù ọkọ ìyàwó wà lára igi ìfaṣọkọ́ pẹ̀lú apá kan ṣoṣo. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà, ojú rẹ̀ pa dé.

"Bàbá."

Kò dáhùn.

"Bàbá mi."

Ojú kan là. "Ta ló kú?" ni Bàbá bi í. "O kàn wá dúró lé mi lórí bí agbowó-orí."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ jókòó sórí àpótí òwú. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló sún mọ́ tòsí. Ìgbà náà ló wá wo Bàbá dáadáa. Fáànù ń fẹ́ sí i lára, síbẹ̀ òógùn wà níwájú orí rẹ̀. Ó ṣi bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dè, ọrùn apá kan ga ju èkejì lọ. Bàbá tó máa ń dá àlejò dúró lójú títì láti bá a tún bọ́tìnnì dè. Lára dígí, ó rí káàdì àná, Bàbá fi píìnì gún un mọ́ ibẹ̀ bí fọ́tò. Ó yọ ọ́, ó yí i padà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Ẹ dìde, sà, ká lọ sí ilé ìwòsàn," ló wí. Ó ti ń pe takisí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Takisí ní òun á dé ní ogún ìṣẹ́jú.

"Mo lọ lánàá. Ilé ìwòsàn kì í ṣe ilé àna téèyàn á máa lọ kí wọn lójoojúmọ́."

"Wọ́n ní kí wọ́n tún yín wò ni."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Káàdì ti sọ̀rọ̀. Ó rẹ̀ mí ni, oògùn afẹ́fẹ́ yẹn ló ń ṣe mí." Ó nawọ́ sí káàdì tó wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. "Dókítà lè ṣì í. Ọwọ́ tó ṣe èyí, èmi ni mo kọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un. Ó rí i pé bí òun bá ń purọ́ kéékèèké báyìí, Bàbá á jókòó sórí àga yẹn títí ohun tí òun ń bẹ̀rù á fi dé bá a, ìgbàgbọ́ tó ní nínú òun ló sì máa pa á.

"Bàbá, mi ò rán aṣọ náà."

"Aṣọ wo?"

"Ti wúrà. Ti inú káàdì yìí. Mo so òwú mọ́ ọn kí n tó rán an. Ìhòòhò ló wà. Bó ṣe ṣókùnkùn yẹn, kò túmọ̀ sí nǹkan kan, sà."

Bàbá yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kò lè gbójú sókè, ilẹ̀ ló ń wò, níbi tí ègé òwú oríṣiríṣi wà.

"O so òwú mọ́ ohun tí o kò tíì parí," ni Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó fọwọ́ sí àyà òsì, bí ẹni tó ń wá owó lápò, ó sì fi í síbẹ̀. "Ó tún ti ń fún mi láti àárọ̀," ló wí wẹ́rẹ́. "Mo ní kí n má wí, torí káàdì ní kò sí nǹkan." Ó mí. "Èyí tó wọṣọ ńkọ́? O mú un dání?"

Ó kó káàdì ìgò ọgbọ̀n jáde. Bàbá fa abẹ́rẹ́ yọ lára tìmùtìmù, ó fi iná ìṣáná jó ẹnu rẹ̀, ó gún ìka ara rẹ̀ láìyí ojú padà, bó ti ń gún un láti ogójì ọdún wá. Ẹ̀jẹ̀ kán. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé káàdì sórí máṣíìnì, ó wo aago. Takisí tàbí káàdì, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé.

"Ṣé èmi nìkan ni?" ni Bàbá bi í.

"Sà?"

"Káàdì tí kò wọṣọ. Ṣé èmi nìkan ni wọ́n lò ó fún?"

Ó mi orí pé rárá.

"Mélòó ló jáde?"

"Ogójì."

"Kí ni ọ̀gá yín wí?"

Ọmọ rẹ̀ ní òun kò tíì sọ fún un, Bàbá sì ń wò ó. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ rántí ojú yẹn láti ìgbà èwe rẹ̀, ojú tí Bàbá fi ń wo ojú rírán tó yí. "Ẹnìkan wà níbìkan," ni Bàbá wí, "tó jókòó bí mo ṣe jókòó. Àyà ń fún òun náà. Kò ní ọmọ tó máa sáré wá bá a. Pe ọ̀gá yín."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká dé ilé ìwòsàn ná, mo máa..."

"Mi ò ní wọ ọkọ̀ kankan tí o kò bá pè é."

Ó ṣi nọ́ńbà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá gbé e. Ohùn àwọn àlejò ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ sọ gbogbo rẹ̀, òwú, omi gíláàsì, káàdì tó ṣókùnkùn lábẹ́ iná, ogójì káàdì, Bàbá rẹ̀. Kò fi ẹnìkankan kún un, òun nìkan ló ṣe é. Ọ̀gá kò pariwo. Ó ní kó dúró lórí fóònù. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, ó gbọ́ ẹsẹ̀ Ọ̀gá tó ń sáré lórí àtẹ̀gùn, obìnrin tí wọn kò rí kó sáré rí. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn láti ara fóònù mìíràn. Méje ni wọ́n ti lò. Nọ́ọ̀sì ní òun á máa pè wọ́n ní ìkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n padà wá kíákíá.

"Fi fóònù rẹ sílẹ̀ ní ṣíṣí," ni Ọ̀gá wí. "Gbé Bàbá lọ."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin fún káàdì. Bàbá ti sún àga, ó ti fa kọ́tìnnì, ṣọ́ọ̀bù ti ṣú díẹ̀. Ọdún márùn-ún ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ti ń bẹ ìmọ́lẹ̀ pé kó tàn sí i, kó tàn ju ti àná lọ. Lónìí nìkan ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má tàn. Jẹ́ kó ṣókùnkùn, jẹ́ kó jẹ́ afẹ́fẹ́ inú lóòótọ́. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ kan mú. Ọwọ́ Bàbá tutù, ó sì rin.

Àkókò pé. Ó tan iná aláwọ̀ ewé sí i.

Ilà náà tàn pupa rokoṣo. Ó tàn sí ara irin máṣíìnì, ó tàn sí èékánná Bàbá. Kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún òun.

Bàbá tẹ̀ síwájú, ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wo ojú rírán oníṣẹ́ ẹlòmíràn. "Ó dára," ló wí. "Èyí, o rán an dáadáa."

Takisí fọn fèrè níta. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fi apá gbá Bàbá mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó gbá a mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Bàbá wúwo ju bó ṣe rò lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Fóònù tó wà nínú báàgì ṣì ń sọ̀rọ̀, ohùn Ọ̀gá ń bọ̀ tín-ín-rín: wọ́n ti rí mẹ́fà nínú àwọn méje, Bàbá wà lára wọn, wọ́n ti ń bọ̀. Ẹnìkan kò gbé fóònù. Wọ́n tún ń pè é.

Lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá dúró. Ẹ̀rù ba Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, ó rò pé ohun tí òun ń bẹ̀rù ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n Bàbá kàn yí orí padà ni, ó ń wo kóòtù ọkọ ìyàwó tó wà lára igi, tó ní apá kan.

"Kóòtù yẹn kò tíì parí," ló wí, èémí rẹ̀ ń já. "Ẹni yòówù tó bá wá gbé e, ní kó dúró dè mí. Má so òwú mọ́ ọn."

"Mi ò ní so ó, sà," ló wí.

Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò Bàbá, wọ́n sì gbé e wọ ọkọ̀.